Ọwọ́ Òsì Lójú Títì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nítorí mi nítòsí ọjà Ọ̀mù-Àrán. Mo jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà kan, ó fẹ́ yà sósì, kò wẹ̀yìn, kò fọn fèrè, kò ṣe nǹkan kan. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti na apá òsì mi gbọọrọ síta kí ẹni tó wà lẹ́yìn wa lè mọ ibi tí à ń lọ. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń wa mọ́tò bọ̀ lẹ́yìn. Ó dúró gbàgà, ó yọ orí láti ojú fèrèsé.

"Èmi lo ń na ọwọ́ òsì sí? Èmi?"

"Ẹ má bínú, bàbá," ọlọ́kadà bá mi bẹ̀ ẹ́. "Màmá yìí pẹ́ nílùú òyìnbó ni. Wọ́n ti ba orí wọn jẹ́ níbẹ̀."

Ni gbogbo ènìyàn bá bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò wá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù ọ̀nà dé ilé bàbá mi. Ọwọ́ òsì yẹn kò rọrùn fún mi láti kọ́, mo sì mọ ẹni tí mo torí rẹ̀ kọ́ ọ.

Kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi fi ń ta aṣọ nígbà tí mo wà ní kékeré. Láti Ọ̀mù-Àrán sí Òkè-Onígbìn, láti ibẹ̀ sí Ìsánlú-Ìsin, ìdì aṣọ níwájú, èmi lórí kárííà lẹ́yìn, nítorí èmi ni àbíkẹ́yìn, mi ò sì ń gbà kí ó fi mí sílé. Bí lọ́rì bá fọn fèrè lẹ́yìn wa, a ti mọ ohun tó ń wí. Bàbá á bọ́ sílẹ̀, á fa kẹ̀kẹ́ àti èmi wọ inú koríko, á sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti kí dírẹ́bà. Dírẹ́bà náà á fọn fèrè kékeré kan láti dáhùn, á sì da eruku lé wa lórí. Lọ́rì ni ẹ̀gbọ́n, kẹ̀kẹ́ ni àbúrò, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan jiyàn sí i.

Lọ́jọ́ kan, mo fi ọwọ́ ọ̀tún di ẹ̀wù Bàbá mú, mo wá ń fi òsì juwọ́ sí dírẹ́bà tó ń kọjá lọ. Bàbá yíjú padà, ó gbá ọwọ́ náà tó fi ta mí.

"Ọkùnrin yẹn tó ẹni tó lè bí ọ lọ́mọ. Ṣé òsì lo máa nà sí i?"

Mo sunkún títí a fi dé Ìsánlú-Ìsin. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì mi mọ àyè rẹ̀.

Àsìkò tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ni mo kúrò nílé. Ìjọba ló rán ọkọ mi lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, èmi sì tẹ̀ lé e. Inú gbogbo ilé wa dùn lọ́jọ́ náà, àfi Bàbá, tó ń yẹ okùn àpótí mi wò ṣáá bí ẹni pé ó máa já. Níbẹ̀ ni mo bí Fọlákẹ́. Ọkọ mi ń kàwé, èmi náà ń kàwé, mo sì ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé tí a háyà kò sì gba ọmọdé. A ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ń ṣe nígbà náà. A gbé ọmọ fún obìnrin òyìnbó kan ní abúlé kan létí òkun kí ó máa bá wa tọ́jú rẹ̀. Mísíìsì Béélì lorúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. A ní ọdún kan péré ni.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi dojú rú nílé. Owó ìjọba dáwọ́ dúró. Ọkọ mi ní òun á lọ sí Ìlọrin lọ bèèrè rẹ̀, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun ó lò. Lẹ́tà rẹ̀ kọ́kọ́ ń dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó di oṣooṣù, ó wá dákẹ́. Bàbá ló sọ fún mi lórí fóònù níkẹyìn pé ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, pé kí n má ṣe sunkún níbi tí àwọn òyìnbó á ti rí mi. Mo sunkún níbẹ̀ gan-an, nínú àpótí fóònù onídígí, tí ènìyàn mẹ́ta tò síta tí wọ́n ń dúró dè mí.

Ọdún kan ti di márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mò ń wọ rélùwéè lọ rí ọmọ mi. Mísíìsì Béélì kì í ṣe ènìyàn burúkú, ì bá rọrùn fún mi bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi òróró pa ọmọ náà lára bí mo ti fi hàn án, ó sì ra ìyarun onírin gígùn nítorí irun rẹ̀. Ó kàn ní ẹnu òun kò gba Fọlákẹ́, ó ń pè é ní Flóra. Ọmọ náà ń pe obìnrin yìí ní Mọ́mì. Èmi ni Mọ́mì Lọ́ńdọ̀nù. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bó bá pè mí bẹ́ẹ̀, tí mo bá wá wọ rélùwéè padà, màá fi gèlè orí mi bo ojú títí màá fi dé ilé.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí Fọlákẹ́ pé ọmọ ọdún méje, obìnrin kan láti ọ́fíìsì ìjọba wá bá mi. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi nítorí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá, aṣọ ló wà lórí rẹ̀. Ó fohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀. Bí mi ò bá ní iṣẹ́ ojúmọmọ àti yàrá tó gba ọmọ kí ilé ìwé tó wọlé lẹ́yìn ìsinmi ìgbà ooru, wọ́n á ní kí kóòtù fi ọmọ náà sílẹ̀ fún Mísíìsì Béélì pátápátá.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo bí i," mo wí.

"A mọ̀," ó dáhùn. "A ò sọ pé ẹ̀yin kọ́."

Iṣẹ́ ojúmọmọ kan ṣoṣo tí mo rí ni lílọ káàkiri ilé àwọn arúgbó láti bá wọn se oúnjẹ, kí n wẹ̀ wọ́n, kí n pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn. Inú mi dùn sí i, iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ilé wọn jìnnà síra, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fún òṣìṣẹ́, wọn kì í sì í fún ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì gùn ún lójú títì kí ọkùnrin tó ń dán òṣìṣẹ́ wò rí i. Mo ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ìṣòro, mo ní orí kẹ̀kẹ́ ni mo dàgbà sí.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Títì kún fọ́fọ́ fún ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń fọn fèrè. Nílé, fèrè ni a fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀: ẹ kú iṣẹ́, mò ń kọjá, kúrò níbẹ̀, ṣé o ti ya wèrè ni. Níbẹ̀, ẹni tó bá fọn fèrè sí ọ, ó ti bú ọ nìyẹn. Ojú ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ á wẹ̀yìn, á wo ojú awakọ̀, á wá na ọwọ́ sí ìhà tó ń lọ. Awakọ̀ á gbé ìka kan sókè díẹ̀ lórí sítíárì, ìyẹn ni pé ó ti rí i, kó máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń bọ́ sínú koríko fún ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ sí koríko.

Ọkùnrin tó dán mi wò jẹ́ arúgbó onírun funfun, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀gbẹ́ni Wọ́kà ni wọ́n ń pè é, mo ń pè é ní Bàbá Wọ́kà nínú ọkàn mi. Ó gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tẹ̀ lé mi. Ọ̀tún kò yọ mí lẹ́nu. Mo nà án dáadáa, ó sì kígbe lẹ́yìn mi pé ó dára. Nígbà tó ní kí n yà sósì, mo wẹ̀yìn bó ti kọ́ mi. Mo rí Bàbá Wọ́kà pẹ̀lú irun funfun rẹ̀, mo rí awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì lẹ́yìn rẹ̀, òun náà ti hu ewú. Apá òsì mi di irin. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún, mo fi í gba iwájú àyà mi kọjá, mo ń fi nawọ́ sí ìhà òsì. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ mi. Mo yà. Bọ́ọ̀sì náà tẹ bíréèkì tó fi dún bí ẹran tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, awakọ̀ sì di fèrè mú, kò fi í sílẹ̀.

Bàbá Wọ́kà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ló ṣe ọwọ́ òsì rẹ?"

"Nǹkan kan kò ṣe é, sà."

"Ṣé ó ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

Ó di apá náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́ bí ẹni pé egungun ló ṣẹ́. "Kí ló wá dé tí o ò nà án?"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Mo sọ ọ́ náà. Mo ní àgbà ni yín, sà, àgbà sì ni ọkùnrin tó wà nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní bí mo bá bọ̀wọ̀ fún awakọ̀ náà, kí n má ṣe jẹ́ kí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ pa mí. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pé ìyẹn ló kẹ́yìn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé nítorí ọmọ ni. Ó ní nítorí ọmọ náà ni òun ṣe ń sọ ohun tí òun ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mi ò sùn dáadáa. Mo máa ń dúró níwájú dígí nínú yàrá, màá na ọwọ́ òsì sí ara mi, ojú á sì tì mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n fi ìgbátí kọ́ ènìyàn kí ó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ẹnu ni a fi ń lé e jáde. Mo ti jẹ oúnjẹ wọn, mo ti wọ aṣọ wọn, mo ti ń pe àgbàlagbà ní orúkọ gan-an nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Ọwọ́ yìí nìkan ló kù tí mi ò tíì fi sílẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé bí mo bá nà án, mi ò ní jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, Bàbá máa ń lọ dúró ní pósọ́fíìsì Ọ̀mù-Àrán de ìpè mi. Lọ́jọ́ náà, ó tó ìgbà mẹ́rin kí fóònù tó wọlé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ariwo bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù.

"Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà lo wà? Ọmọ wa ńkọ́? Ṣé ó ń gbọ́ Yorùbá?"

"Ó ń gbọ́ ọ, Bàbá." Irọ́ ni mo pa. "Bàbá, mo fẹ́ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ yín."

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, kẹ̀kẹ́, bọ́ọ̀sì, kóòtù. Ó kọ́kọ́ bi mí léèrè.

"Àwọn tó ń wa ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ yìí, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́?"

"Wọn ò mọ̀ mí, Bàbá."

"Bí o ò bá na ọwọ́ náà, kí ni wọ́n á ṣe?"

"Wọ́n á gbá mi, Bàbá. Wọn ò ní mọ̀ọ́mọ̀ gbá mi ni."

"Nà án," ó wí. "Èmi bàbá rẹ ni mo ní kí o nà án. Bí ẹnikẹ́ni bá bínú, èmi ni kó bínú sí. Ṣùgbọ́n ọ̀hún nìkan o. Bí o bá ti délé, ká a kò." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí o sì mú ọmọ wa bọ̀ wálé kí n rí i."

Mo fẹ́ dá a lóhùn, fóònù já.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo wẹ̀yìn, mo wo ojú awakọ̀ kan tó tó Bàbá lọ́jọ́ orí, mo sì na ọwọ́ òsì mi gbọọrọ sí i. Ẹnu mi ń sọ pé ẹ má bínú, sà, ẹ má bínú. Ọkùnrin náà dín eré ọkọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀, ó gbé ìka kan sókè lórí sítíárì. Ó ti rí mi. Kò sẹ́ni tó gbá mi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti wà ní ìlú yẹn, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni rí mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo yà sósì, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, Bàbá Wọ́kà sì ń pariwo lẹ́yìn mi pé kí n di kẹ̀kẹ́ mú dáadáa.

Mo gba iṣẹ́ náà. Mo rí yàrá kan lọ́dọ̀ ìyá ará Gáná kan tó fẹ́ràn ọmọdé, mo ra bẹ́ẹ̀dì kékeré sí i. Mísíìsì Béélì ti ra kẹ̀kẹ́ pupa fún Fọlákẹ́, nítorí náà nígbàkigbà tí mo bá lọ, ọ̀nà ẹ̀yìn ilé ni à ń wà. Mi ò ní ìtàn kan tó yé e, mi ò sì ní orin tó fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n mo ní èyí láti kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ọmọ mi láyé nìyẹn.

"Wẹ̀yìn kọ́kọ́," màá ní. "Wo ojú wọn. Kí o wá na ọwọ́ sí ibi tí o ń lọ. Nà án kí ó tọ́, kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ má bàa ṣi ọ́ gbọ́."

"Tí wọn ò bá fẹ́ kí n lọ síbẹ̀ ńkọ́?" ó bi mí lọ́jọ́ kan, ní òyìnbó rẹ̀ tó já geere.

"Bí o bá ti na ọwọ́, dandan ni kí wọ́n dúró dè ọ́."

Obìnrin ọ́fíìsì wá wo yàrá náà, ó fọwọ́ sí i. Ó wá ku ọjọ́ tí màá lọ mú un. Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi sínú rélùwéè kí èmi àti ọmọ lè jọ gun kẹ̀kẹ́ wa dé ibùdókọ̀ rélùwéè, nítorí ó ní òun ò ní fi kẹ̀kẹ́ pupa òun sílẹ̀. Mísíìsì Béélì ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí kan tó máa fi ránṣẹ́. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì sáré wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìta. Fọlákẹ́ náà gbọ́ ọ. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn rẹ̀ bó ti yẹ. Mò ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo ń ka gbogbo ohun tí a ó jọ ṣe: màá di irun rẹ̀, màá kọ́ ọ bí a ti ń kí Bàbá lórí fóònù. A dé ìkòríta. Ọ̀tún ló lọ sí rélùwéè. Òsì yí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ká, ó sì padà sí ilé Mísíìsì Béélì. Fọlákẹ́ dúró, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Ó wẹ̀yìn bí mo ti kọ́ ọ. Ó wo ojú mi. Omi kún ojú rẹ̀, kò jẹ́ kí ó ṣàn. Ó wá na apá òsì rẹ̀ síta, gbọọrọ, kò tẹ̀, kò gbọ̀n.

"Fọlákẹ́!" mo pè é. Mo pè é ní Flóra. Kò gbé ọwọ́ náà wálẹ̀.

Mo lè fò sílẹ̀ kí n gbá a mú. Ọmọ mi ni, ìwé wà lápò mi tó sọ bẹ́ẹ̀, rélùwéè sì kù díẹ̀ kó dé. Nílé, màá gbá ọwọ́ yẹn ni, gbogbo ayé á sì ní mo ṣeun. Ọwọ́ ọ̀tún mi tilẹ̀ ti kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo apá kékeré yẹn, bó ti tọ́, bí ìka rẹ̀ ti pa pọ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti tò ó fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì dá ọwọ́ mi padà sórí kẹ̀kẹ́. Èmi ni mo sọ fún un pé dandan ni kí wọ́n dúró dè é.

Ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn mi. Bàbá òyìnbó kan ló ń wà á, ewú bo orí rẹ̀. Kò fọn fèrè. Ó kàn ń wò mí, ó ń retí kí n sọ ibi tí mò ń lọ.

Ọmọ mi yà. Mo na ọwọ́ òsì mi síta, mo tẹ̀ lé e láti lọ dá a padà fún Mísíìsì Béélì. Bàbá náà gbé ìka kan sókè lórí sítíárì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì kọjá lọ.